Ilé Amọ̀, Ilé Búlọ́ọ̀kù àti Ilé Bíríkì: Ìfiwéra fún Ẹni Tó Fẹ́ Ra Ilé

Ẹni tó bá ń wá ilé rà ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, irú ilé mẹ́ta ni alágbàtà lè mú un lọ wò: ilé amọ̀ àtijọ́ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lára, ilé búlọ́ọ̀kù tó gba gbogbo ìgboro báyìí, àti, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ilé bíríkì amọ̀ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀. Iye owó àti ìwé ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olùrà máa ń béèrè. Ohun tí a fẹ́ fi wé ara wọn níhìn-ín ni ohun tí ilé kọ̀ọ̀kan ń ṣe sí ara ẹni tí ń gbé inú rẹ̀ àti sí ojú ọjọ́. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò jìnnà síra: ilé tó bá gbóná jù ni yóò mú onílé ra ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ̀rọ amúlétutù ni yóò mú un tan jẹnẹrétọ̀, èéfín jẹnẹrétọ̀ yóò sì wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kí ó tó gòkè lọ kún èyí tí ń mú ayé gbóná.

Ògiri ni kí a kọ́kọ́ wò. Láti ṣe sìmẹ́ńtì, irú èyí tí wọ́n ti ń ṣe ní Ewékorò láti 1960, wọ́n máa ń sun òkúta ẹfun nínú iná tí ooru rẹ̀ tó 1,450 lórí ìwọ̀n Celsius. Kì í ṣe ohun tí wọ́n fi dá iná náà nìkan ni ó ń tú kábọ́ọ̀nù, afẹ́fẹ́ tí ń mú ayé gbóná, sílẹ̀. Òkúta náà fúnra rẹ̀ ń tú u sílẹ̀ bí ó ti ń jóná, èyí sì ju ìdajì gbogbo kábọ́ọ̀nù tó ń ti ara sìmẹ́ńtì jáde lọ. Ilé búlọ́ọ̀kù ń jẹ sìmẹ́ńtì níbi mẹ́ta: nínú búlọ́ọ̀kù, láàárín búlọ́ọ̀kù sí búlọ́ọ̀kù, àti nígbà tí wọ́n bá ń rẹ́ ògiri. Ní ti bíríkì tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀, NBRRI, ń gbé lárugẹ, ilẹ̀ pupa ni wọ́n fi ń ṣe é, pẹ̀lú sìmẹ́ńtì díẹ̀, bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Wọn kì í fi iná sun ún. Ó ń wọnú ara wọn nígbà tí wọ́n bá ń tò ó, ọ̀pọ̀ onílé kì í sì í rẹ́ ẹ.

Ògiri amọ̀ tó nípọn kì í tètè gba ooru. Ògiri búlọ́ọ̀kù síìsì ínṣì tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, ní tirẹ̀, yóò gba oòrùn ìrọ̀lẹ́ sára, yóò sì máa tú u sínú yàrá ní àkókò tí ènìyàn fẹ́ sùn gan-an. Àmọ́ omi ni ọ̀tá ilé amọ̀. Sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ kì í jẹ́ kí ọ̀rinrin inú ògiri ráyè jáde, nítorí náà ó máa ń ṣí kúrò lára amọ̀ láìjẹ́ pé ojú rí i. Ẹ fi eegun ìka kan ògiri láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ibi tó bá dún bí igbá òfìfo, ó ti ṣí níbẹ̀. Ilé búlọ́ọ̀kù náà kò bọ́ lọ́wọ́ ọ̀rinrin, pàápàá ní àdúgbò tí omi kò jìnnà sílẹ̀ ní Èkó: ọ̀dà á máa bó ní ìwọ̀n orúnkún, ògiri á bu, á dúdú, ẹni tó ní ikọ́ fée (asthma) kò sì ní lè sùn níbẹ̀. Ibi tí ọ̀dà tuntun bá ti wà ní ìsàlẹ̀ ògiri nìkan, ẹ béèrè ìdí rẹ̀.

Òrùlé ṣe pàtàkì ju ògiri lọ, lójú tèmi. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ló ṣì ní asbestos, páálí líle tí fọ́nrán òkúta tín-ín-rín wà nínú rẹ̀, lórí tàbí ní àjà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ kedere pé gbogbo oríṣi asbestos ló ń fa àrùn jẹjẹrẹ, àrùn náà sì lè pẹ́ tó ogún ọdún tàbí ogójì kí ó tó fara hàn. Èyí tí kò fọ́ tí ẹnikẹ́ni kò sì gé kì í fi bẹ́ẹ̀ tú eruku sílẹ̀; káfíńtà tó ń fi ayùn rẹ́ ẹ láìbo imú, àti ọmọ tó ń gbá àfọ́kù rẹ̀, ni ewu ń bá. Ẹ ṣírò owó àwọn tí yóò rẹ ẹ́ lómi kí wọ́n tó tú u, tí wọ́n mọ ibi tí wọn yóò kó o sí, mọ́ owó ilé. Alumíníọ̀mù tó funfun ń dá oòrùn padà. Aláwọ̀ dúdú tí gbogbo ènìyàn ń fẹ́ nítorí ẹwà ń gbà á mọ́ra. Páánù lásán tí kò ní àjà lábẹ́ rẹ̀ ló burú jù nínú wọn.

Fèrèsé sílídìn lẹ́wà, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ péré ló lè ṣí láéláé, nígbà tí lúfà àti èyí tí ń ṣí síta bí ilẹ̀kùn ń gba atẹ́gùn wọlé dáadáa. (Àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé sí Èkó ti mọ èyí ní tiwọn: àjà gíga, fèrèsé pákó gbayawu.) Ẹ wo nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì wo àlàfo abẹ́ òrùlé, níbi tí ẹ̀fọn ibà máa ń gbà wọlé. Ní Farafenni, ní Gáḿbíà, ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2009 fi hàn pé ẹ̀fọn inú ilé fi 59% dín kù níbi tí wọ́n ti fi nẹ́ẹ̀tì sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé tí wọ́n sì dí àlàfo náà. Níbi tí wọ́n ti fi nẹ́ẹ̀tì ṣe àjà nìkan, ó dín ní 47%. Àìtó ẹ̀jẹ̀ láàárín àwọn ọmọdé dín kù níbi méjèèjì.

Ilé tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí lábẹ́ fèrèsé yàrá, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó kó wọlé, nítorí èéfín rẹ̀ ń pa odindi ìdílé lójú oorun.

Bí a bá ní kí n yan, ilé àtijọ́ tí ògiri rẹ̀ ṣì le, tí a pààrọ̀ òrùlé rẹ̀, ni n óò mú, nítorí pé kábọ́ọ̀nù tí kíkọ́ rẹ̀ ná ayé ti lọ tipẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ tuntun, kí ó wá bíríkìlà tó ti to bíríkì alámọ̀ rí. Ilé yòówù tí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ lọ wò ó ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí oòrùn mú, ẹ tún lọ lẹ́yìn òjò, kí ẹ sì gòkè sínú àjà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Bí onílé kò bá jẹ́ kí ẹ gòkè, ẹ yọ owó òrùlé tuntun kúrò nínú iye tí ẹ óò san.