Bọ́ọ̀dù MP3 kékeré tí mo rà ní Panṣẹ́kẹ́, ẹ má tíì sọ pé ó ti bàjẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. DFPlayer Mini ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀, bọ́ọ̀dù kékeré tó máa ń gbé ohùn MP3 jáde látinú mẹ́mọ́rì káàdì, torí mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ èèyàn tó rà á, tí ò bá ti dún lọ́jọ́ kìíní, wọ́n á sọ ọ́ sínú dúróà, wọ́n á ní ayédèrú ni. Díẹ̀ ló kù kémi náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Nǹkan tí mo fi ṣe rèé. Àǹtí mi ń kọ́ àwọn ọmọ jéléósinmi ní Adátán, ó ní àwọn ọmọ ò mọ ìyàtọ̀ ohùn mọ́, bákan náà ni wọ́n ń pe gbogbo ọ̀rọ̀, ó sì ń dùn ún. Mo bá kan àpótí fún un, bọ́tìnnì márùn-ún, Arduino Uno kan (bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà kékeré tá a máa ń kọ kóòdù sí), sípíkà kan, mo fi àdìrẹ Ìtòkú bo ara ẹ̀. Tí ọmọ bá tẹ ibi tá a ya igbá sí, á gbọ́ "igbá". Ibi tá a kọ 200 sí, "igba". Aago, "ìgbà". Èso, "ìgbá". Okùn tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ, "igbà". Ohùn àǹtí mi gan-an la gbà sílẹ̀ lórí fóònù.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, kò dún rárá. Káàdì 64GB ni wọ́n tà fún mi ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, wọ́n ní bó bá ṣe tóbi tó ló ṣe dáa tó, bẹ́ẹ̀ 32GB ni bọ́ọ̀dù yìí gbà mọ, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ FAT16 tàbí FAT32, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n gbà fọ́máàtì káàdì. Mo fi káàdì 4GB tó wà nínú fóònù mi àtijọ́ sí i, ó dún lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó dún lóòótọ́, àmọ́ mo tẹ igbá, ó ní "igbà". Mo tẹ 200, ó pe èso. Ẹ gbà mí, nínú àpótí tó jẹ́ pé torí ohùn nìkan la ṣe ṣe é! Mo yẹ kóòdù wò títí ojú fi ń ro mí, kò sí àléébù níbẹ̀, orúkọ àwọn fáìlì náà sì pé. Àṣé tẹ́ ẹ bá ti lo play(1) nínú kóòdù, ìyẹn àṣẹ pé kó pe fáìlì kìíní, bọ́ọ̀dù yìí ò wo orúkọ fáìlì, èyí tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ kó sórí káàdì ló máa pè ní 1, "igbà" lèmi sì kọ́kọ́ kó síbẹ̀ torí òun la gbà sílẹ̀ ṣáájú. Ohun tó tún un ṣe ni pé mo fọ́máàtì káàdì, mo ṣí fódà kan tó ń jẹ́ mp3, mo sọ àwọn fáìlì ní 0001.mp3, 0002.mp3 bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, mo wá ń lo playMp3Folder nínú kóòdù, òun ló ń wo nọ́ńbà tó wà lórúkọ fáìlì. Látìgbà yẹn kò ṣì mí pè mọ́.

Ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì wá lèyí tó gba àkókò mi jù. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ní "ig-ig-igbá", bí ẹni tó ń kólòlò. Irin tó wà nínú bọ́tìnnì máa ń ta padà bó bá kan èkejì ẹ̀, ojú wa ò lè rí i, àmọ́ Uno tó ń sáré ní 16 MHz rí i, ó sì ń kà á bíi pé mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo kọ ọ́ sí kóòdù pé kó dúró fún mílísẹ́kọ́ǹdì 50 kó tó gbà pé wọ́n tẹ nǹkan, mo sì so pínnì BUSY mọ́ ọn, pínnì ara DFPlayer yẹn máa ń wà nílẹ̀ ní LOW (kò ní iná) tí ohùn bá ń lọ lọ́wọ́, kí ọmọ tó ń tẹ̀ ẹ́ láìdúró lè gbọ́ ọ̀rọ̀ náà parí. Ó tún máa ń dá sọ̀rọ̀ nígbà yẹn o, kí n kàn na ọwọ́ sún mọ́ wáyà báyìí ló ti sọ "ìgbà", àǹtí mi ní kí n gbé e kúrò ní pálọ̀ òun. INPUT_PULLUP ni mi ò fi sí i, àṣẹ inú kóòdù tí kì í jẹ́ kí pínnì máa dá ṣe nǹkan nígbà tẹ́nì kan ò tẹ bọ́tìnnì. Mo fi sí i, mo so apá kejì bọ́tìnnì mọ́ GND (pínnì òdì iná), ó panu mọ́.

Ẹ má fojú kéré iná ẹ̀ náà o. Tẹ́ ẹ bá gbé vólúùmù dé 30 tó jẹ́ òpin ẹ̀, tó sì jẹ́ pé ara Uno ló ti ń fa iná, ó lè kú kó tún padà tàn láàárín ọ̀rọ̀. Èmi wá ṣájà 5V lọ́tọ̀ fún un, mo so GND méjèèjì pọ̀, mo fi kapásítọ̀ 470 µF, tó ń tọ́jú iná díẹ̀ pamọ́, sẹ́nu ẹ̀. Rẹ̀sístọ̀ 1K tí mo fi sójú RX, pínnì tó ń gba àṣẹ láti ara Uno, ló pa ariwo ṣíì-ṣíì tó ń ti sípíkà jáde. Ẹ má sì so wáyà sípíkà kankan mọ́ GND, pínnì SPK méjèèjì ló ni ín.

Bọ́ọ̀dù náà dáa, mo fún un ní máàkì mẹ́rin nínú márùn-ún, torí owó ẹ̀ kò wọ́n, sípíkà 3W ló sì ń gbé láìsí ańpílífáyà míì. Máàkì kan tó kù, àìsí ìwé kankan tó bá a wá ló gbà á. Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti rà á lèmi ò lè yìn, mo ní kí wọ́n dán an wò lójú mi, wọ́n ní àwọn kì í dán ọjà wò, ìyẹn ò dáa rárá, torí bátìrì kan, sípíkà kan àti káàdì tó ní fáìlì nínú ti tó láti fi dán an wò, kẹ́ ẹ kàn fi wáyà kan pínnì IO2 àti GND pọ̀ fìrí, fáìlì tó kàn á dún, kò nílò Uno rárá.

Àǹtí mi ti ní kí n ṣe òmíì, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀. Bọ́tìnnì mẹ́rin ni mo ń wá báyìí, èyí tó rọ̀, torí ti àkọ́kọ́ le fún ìka àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta, ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á l'Ábẹ́òkúta níbí kó bá mi sọ.