Ìda tí wọ́n fi ń dí ojú ọgbẹ́ pákó: ọjà dáa, ẹnu ẹni tó ń tà á ni kò dáa

“Ẹ ti lò ó, mà.” Èsì tí ọmọbìnrin tó ń dáhùn lórí WhatsApp ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ra páálí ìda tí wọ́n fi ń dí ojú pákó tó gbọgbẹ́ fún mi nìyẹn, tòun ti àmì ẹ̀rín. Mo ní irin oníbátìrì inú páálí náà, tí wọ́n fi ń yọ́ ìda, kò gbóná rárá. Ó ní mo ti lò ó. Mo ní báwo lèèyàn ṣe ń lo ohun tí kò gbóná? Ó ní àwọn kì í gba ohun tí oníbàárà bá ti já páálí rẹ̀ padà. Mo bi í pé ṣé láti ìta páálí ni ǹ bá ti mọ̀ pé kò ṣiṣẹ́? Àmì méjèèjì di búlúù, kò sọ nǹkan kan mọ́. Bátìrì tuntun ni mo fi sí i o, mo tún yọ ti rímóòtù tẹlifíṣọ̀n wò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi dé ọ̀dọ̀ wọn. Tábìlì tẹlifíṣọ̀n mi kì í ṣe igi gidi. MDF ni, ìyẹn igi tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀, tí wọ́n wá lẹ bébà tó ní àwòrán ìlà igi mọ́ lójú. Ọmọ odó ló bọ́ lọ́wọ́ àbúrò mi, ó gbá etí tábìlì náà, bébà ya, ibẹ̀ sì tẹ̀ wọnú. Káfíńtà àdúgbò wa ní ká fi aṣọ tútù lé e, ká gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé aṣọ náà, pé ojú rẹ̀ á dìde padà. Lára ìrókò, òótọ́ ló sọ, ooru omi máa ń gbé igi tó tẹ̀ dìde. Ṣùgbọ́n MDF tí omi bá wọ̀, wíwú ló ń wú, kì í rọlẹ̀ mọ́, bébà ojú rẹ̀ á sì ṣí. Mo ní kó má ṣèyọnu. Ló bá tún fa pépà sáǹdì yọ! Àwòrán ìlà igi tó fẹ́lẹ́ báyìí, ẹ bá fi sáǹdì ha á díẹ̀, ó ti lọ nìyẹn. Mo sìn ín dé ẹnu géètì.

Bí mo ṣe ra páálí ìda líle nìyẹn, tí irin rẹ̀ kọ̀ tí kò gbóná.

Lọ́jọ́ kejì ìjà orí WhatsApp, mo pè wọ́n lórí fóònù. Ọkùnrin ló gbé e, ohùn àgbà. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n rojọ́ tán. “Ẹ máà bínú, màdáámù. Màá rán ọmọ sí yín.” Kó tó di ọ̀sán, ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn ti dé, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó mú irin mìíràn jáde, ó tàn án kí n rí i. Mo rò pé á máa lọ ni. Ó wo tábìlì náà, ó ní, “Mà, ṣé kí n bá yín ṣe é, kí ẹ máa wò ó?”

Ó kọ́kọ́ ká kọ́tìnì, ó pa iná, ó ní ìmọ́lẹ̀ gílóòbù máa ń purọ́ àwọ̀. Ó fi réésà gé gbogbo ohun tó yọrí létí ọgbẹ́ náà. Ẹ̀yìn tábìlì, níbi tí ojú kò tó, ló ti dán àwọ̀ wò. Ìda tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ jù nínú páálí ló kọ́kọ́ yọ́, ó fi èyí tó dúdú díẹ̀ là á ní ẹnu irin, ó sì rọ ọ́ sínú ọgbẹ́ títí ó fi ga ju ojú pákó lọ. Ó jẹ́ kó tutù kó le. Lẹ́yìn náà ló fi ike eléyín inú páálí ha èyí tó lé kúrò.

Ojú kan náà ni gbogbo rẹ̀ wà báyìí, ṣùgbọ́n ó hàn pé wọ́n lẹ̀ ẹ́. Ló bá fi ẹnu irin mú ìda dúdú díẹ̀, ó fà á tẹ́ẹ́rẹ́ láti ibi tí ìlà bébà ti já dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ padà, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ já ọ̀kan láàárín. Ó ní ìlà igi kì í gún régé. Nígbà tí ọkọ mi dé, mo ní kó wá ọgbẹ́ náà. Ibòmíràn ló nawọ́ sí, ibi tí àwa méjèèjì kò mọ̀ pé ó ti ha tẹ́lẹ̀! Mo rẹ́rìn-ín títí.

Ẹ má retí iṣẹ́ ìyanu ṣá. Ìda ni, kì í fẹ́ ooru. Orí tábìlì oúnjẹ tí a ń gbé ìkòkò gbígbóná lé, mi ò ní fi síbẹ̀. Bí ẹ bá fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó nírọ̀lẹ́, kò dán tó ara yòókù. Kò sì sí ìda funfun nínú páálí tèmi.

Ọmọ náà kọ owó mọ́tò tí mo fún un, omi tútù nìkan ló gbà. Bó ṣe jáde, fóònù mi dún: ọmọbìnrin WhatsApp ni, ó ní kí n san owó ìgbéjà wálé irin kejì. Ó tún fi àmì ẹ̀rín sí i.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Ẹ̀gbọ́n mi ní Abẹ́òkúta ní kí n bá òun ra páálí kan, mo sì ti fowó ránṣẹ́ sí wọn láàárọ̀ yìí.