Excel tàbí Google Sheets: èwo ni ó yẹ ẹni tí ń to àkọsílẹ̀ ní ìpele-ìpele àti ní àwọ̀?

Akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ó fi àwọ̀ pupa sàmì sí gbèsè tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, tí ó fi àwọ̀ ìyeyè sí èyí tí ọjọ́ rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, tí ó sì fi àwọ̀ ewé sí èyí tí wọ́n ti san tán, yóò fẹ́ kí pupa kó ara jọ sókè, kí orúkọ tò ní ẹ̀ka-ẹ̀ka, kí gbèsè tí ó pọ̀ jù sì ṣíwájú nínú ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Irú iṣẹ́ yìí gan-an ni a fi ń mọ̀ bóyá ó yẹ kí ènìyàn náwó lé Excel, ètò kọ̀ǹpútà ti Microsoft tí a fi ń to àkọsílẹ̀, tàbí kí ó máa lo irú rẹ̀ ti Google, Google Sheets, tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́.

Ojú kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ti ń parí nínú Excel. A ó tẹ Data, a ó tẹ Sort, a ó sì máa fi Add Level fi ìpele kún ìpele. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan, a lè ní kí ó wo ohun tí a kọ, àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ tàbí àwọ̀ lẹ́tà. Láti ẹ̀dà 2007 ni ó ti ń gba ìpele 64. 3 péré ni àwọn ẹ̀dà ìṣáájú ń gbà. Àmọ́, Excel kò mọ àwọ̀ tí ó yẹ kí ó ṣáájú, nítorí náà àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ ìpele tirẹ̀. Akápò wa yóò fi pupa sí ìpele kìn-ín-ní, ìyeyè sí èkejì, ẹ̀ka sí ẹ̀kẹta, iye owó sí ẹ̀kẹrin. Àwọ̀ ewé yóò bọ́ sísàlẹ̀ fúnra rẹ̀.

Google Sheets náà ń to òpó (column) púpọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n àwọ̀ kò sí lójú ibẹ̀. Abẹ́ asẹ́ tí wọ́n ń pè ní Filter ni a ti ń rí i, àwọ̀ kan ni ó sì ń gbà lẹ́ẹ̀kan, tí yóò gbé e lọ sókè pátápátá. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí pupa wà lórí ìyeyè ní láti kọ́kọ́ mú ìyeyè, kí ó tó wá mú pupa. Ó rọrùn fún àwọ̀ kan; fún àwọ̀ mẹ́ta ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, ó ń tánni ní sùúrù. Níbi tí Sheets ti dára gan-an ni Filter view, tí ó ń jẹ́ kí akọ̀wé àti akápò to ìwé kan náà lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láìda ti ara wọn rú.

Ẹ ṣọ́ra fún títo apá kan ìwé. Bí a bá yan òpó owó nìkan, Excel sábà máa ń béèrè bóyá kí ó mú àwọn òpó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn. Sort range ti Sheets yóò to kìkì ohun tí a yàn, gbèsè Àìná yóò sì di ti Òjó.

Ètò kẹta irú wọn, LibreOffice Calc, jẹ́ ọ̀fẹ́, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Láti ẹ̀dà 7.2 ti ọdún 2021 ni ó ti ń fi àwọ̀ sẹ́ ìlà.

Kí ẹnikẹ́ni tó sanwó, kí ó kọ́kọ́ fi òpó kan kún ìwé rẹ̀, kí ó kọ 1 síbi pupa, 2 síbi ìyeyè, 3 síbi ewé. Ètò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò to èyí láìsí wàhálà. Bí ìwé bá ti ọwọ́ ẹlòmíràn wá pẹ̀lú àwọ̀ nìkan, tí ó sì gùn, Excel ni mo fara mọ́. Ẹ̀dà tí a ń rà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sì tó, nítorí títò nìkan kò tó ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ san owó oṣooṣù.