Ìdó-Èkìtì fún ẹni tó fẹ̀yìntì: ẹ kọ́kọ́ wo abẹ́ ilẹ̀

Ẹni tó bá fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ní Èkó, tó ń wá ibi tí yóò ti lo ọjọ́ alẹ́, ọ̀nà méjì ló sábà máa ń wò. Ọ̀kan ni kó ra ilẹ̀ lọ́nà Ajah sí Ìbẹ́jú-Lẹ́kìí, kí atẹ́gùn òkun máa fẹ́ sí i. Èkejì ni kó padà sókè, sí ìlú kékeré tí wọ́n ti mọ orúkọ baba rẹ̀. Ìdó-Èkìtì la yẹ̀ wò níbí. Kì í ṣe ìlú tó rẹwà jù ní Èkìtì, kò sì sẹ́ni tó máa bá wa jiyàn lórí ìyẹn. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ní ká fún un ní máàkì nínú mẹ́wàá, méje àbọ̀ la máa fún un. Nínú méjì àbọ̀ tó kù, omi nìkan ló gba méjì, ìdí nìyẹn tí a ó fi pẹ́ díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ omi.

Ilé-ìwòsàn ló jẹ́ ká mú Ìdó. Ilé-ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti ìjọba àpapọ̀, tó gba orúkọ yẹn lọ́dún 2014, wà nínú ìlú náà gan-an. Ìkọ̀gòsì lẹ́wà lóòótọ́. Omi gbígbóná àti omi tútù ń ṣàn pàdé ara wọn níbẹ̀, ẹni tó bá ti ibẹ̀ dé kì í yé sọ ọ́. Àmọ́ ibi ìgbafẹ́ ni. Ẹni ọdún 70 tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ súgà, ohun tó nílò ni kí kẹ̀kẹ́ Márúwá lè gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà kí ọ̀rọ̀ tó bẹ́yìn yọ. Ẹfọ̀n Alààyè tutù minimini, ṣùgbọ́n gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè pọ̀ níbẹ̀, orúnkún tó ti ń dunni ò ní gbádùn rẹ̀. Àdó ní ilé-ìwòsàn, ó ní ọjà, ó ní báńkì, ṣùgbọ́n owó ilẹ̀ ibẹ̀ ti ń sáré lé ti ìlú ńlá, ariwo sì ti wọ̀ ọ́. Láti Ìdó, Ìfàkì kò jìnnà. Ẹni tó bá dé Ìfàkì lè yà sí ọ̀nà Ìwòròkó lọ sí Àdó, tàbí kó kọjú sí Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé.

Ohun tí etí òkun fi ń jẹ owó ènìyàn kì í hàn nínú àwòrán tí àwọn tó ń ta ilẹ̀ máa ń gbé jáde. Ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀. Kí búlọ́ọ̀kù kan tó jókòó, wọ́n á da yanrìn, tipper lé tipper, títí ojú ilẹ̀ á fi ga ju títì lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á tẹ́ irin àti kọnkéré sábẹ́ gbogbo ilé bí ẹní. Níbi tó jẹ́ ẹrẹ̀ gidi, òpó ni wọ́n máa ń gbá wọlẹ̀. Bí ilé bá dúró tán, iyọ̀ inú atẹ́gùn á wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀: orí ìṣó òrùlé ló máa ń kọ́kọ́ dípẹtà, ó kan ìdè ilẹ̀kùn, ó kan irin ojú fèrèsé. Omi tí wọ́n bá fà jáde lè pupa bí omi ìpẹtà, ó sì lè mú iyọ̀ dání. Ẹ tún wo Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, tí wọ́n tẹ̀ dó lọ́dún 1947: ọ̀pọ̀ ilé ni òkun ti kó lọ níbẹ̀.

Ní Ìdó, òdì kejì ni. Níbi tí ilẹ̀ pupa bá ti le, ìpìlẹ̀ tó jìn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí mẹ́rin máa ń tó ilé tí kò ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Owó tí ẹ ò ná sórí ìpìlẹ̀, ẹ fi pamọ́ fún omi.

Àpáta ló tẹ́ sábẹ́ Èkìtì. Omi kì í wà níbi gbogbo bí i ti Èkó, tí yanrìn mu ún bíi kànìnkànìn. Ibi méjì ló máa ń fara pamọ́ sí: inú ilẹ̀ tí àpáta ti rà dà sí lókè, àti inú ibi tí àpáta gangan ti sán. Ilé méjì lè jọ ní fẹ́ǹsì kan, kí ti ọ̀kan máa rú omi lóṣù kẹta, kí ti èkejì máa fa afẹ́fẹ́ lásán. Nítorí náà, pé aládùúgbò yín ní borehole kò jẹ́ ẹ̀rí kankan.

Ẹ pe onímọ̀ ilẹ̀ àti àpáta kẹ́ ẹ tó pe ẹni tó ń gbẹ́ ẹ. Yóò ri irin mẹ́rin mọ́lẹ̀ lórí ìlà kan, yóò gba iná kọjá nínú ilẹ̀, yóò sì máa sún àwọn irin náà jìnnà síra wọn kó lè ka ibi tó jìn. Ilẹ̀ tó rin máa ń jẹ́ kí iná kọjá wẹ́rẹ́. Àpáta tó dì kì í jẹ́ kó kọjá. Ó kéré tán, kó wọn ibi mẹ́ta lórí púlọ́ọ̀tì kan náà. Ẹni tó bá wọn ẹyọ kan, tó ní “ibí yìí gan-an ni,” ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ wá ẹlòmíràn.

Lórí àdéhùn ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á dá owó lé “borehole kan” láìsọ iye mítà, wọ́n á gbẹ́ ẹ dé ibi tó rọrùn fún wọn, wọ́n á sì lọ. Ẹ jẹ́ kí ìwé sọ iye mítà, owó mítà kọ̀ọ̀kan tó bá lé, irú páìpù tí wọn yóò rì, àti ẹni tí yóò gbé òfò bí omi ò bá jáde. Oṣù kejì tàbí ìkẹta ni kí wọ́n gbẹ́ ẹ, nígbà tí omi ti lọ sílẹ̀ jù. Èyí tí wọ́n bá gbẹ́ lóṣù kẹsàn-án, omi òjò lè máa fọ́nnu fún yín.

Wàyí o, ìdánwò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rí i tí omi tú jáde fún ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á sanwó. Omi tó ti sùn sínú páìpù ni wọ́n rí yẹn. Páìpù 5 ínǹṣì ń gba nǹkan bíi lítà 12 ní mítà kan. Bí omi bá ga tó mítà 30 nínú rẹ̀, lítà 360 ti wà nílẹ̀ kí àpáta tó sun ẹ̀kán kan. Ẹ jẹ́ kí pọ́ǹpù ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́fà ó kéré tán. Ní wákàtí karùn-ún, ẹ gbé dúrọ́ọ̀mù lítà 200 sábẹ́ ẹnu páìpù, kẹ́ ẹ fi fóònù ka àkókò. Bó bá kún ní ìṣẹ́jú 10, lítà 1,200 ni wákàtí kan, ìyẹn sì pọ̀ ju ohun tí tọkọtaya nílò lọ. Bó bá gbà á ní ìṣẹ́jú 40, ó ṣì wúlò, àmọ́ ẹ ò gbọdọ̀ fi pọ́ǹpù ńlá sí i.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń sọ owó nù. Wọ́n á ta pọ́ǹpù tí agbára rẹ̀ jẹ́ họ́ọ̀sì (HP) kan àbọ̀ fún ẹni tí kànga rẹ̀ ò lè bọ́ ìdajì rẹ̀. Pọ́ǹpù á fa omi tán, á máa yí lórí òfìfo, omi tó yẹ kó tù ú lára ò sì sí mọ́, ló bá jó. Ọdún kejì, wọ́n á tún ra òmíràn. Họ́ọ̀sì ìdajì ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ ní kí oníná so ohun tó ń pa pọ́ǹpù fúnra rẹ̀ mọ́ ọn, kó lè dákẹ́ bí omi bá ti lọ sílẹ̀. Kó máa kún tánkì díẹ̀díẹ̀. Ta ló ń lé yín?

Bí borehole ò bá ṣeé ṣe, òjò wà. Òjò agbègbè yìí máa ń ju mílímítà 1,200 lọ lọ́dún. Òrùlé tó fẹ̀ tó mítà 10 sí 10, lítà 120,000 ló ń bọ́ sórí rẹ̀. Ká yọ ìdá kan nínú márùn-ún fún èyí tó dànù, ó ku 96,000. Tánkì abẹ́ ilẹ̀ tó jẹ́ mítà mẹ́ta gígùn, mẹ́ta fífẹ̀, mẹ́ta jíjìn ń gba lítà 27,000. Bí ilé bá ń lo 200 lójúmọ́, ó tó ọjọ́ 135, ìyẹn láti àárín oṣù kọkànlá títí dé òpin oṣù kẹta. Kọnkéré olírin ni kí wọ́n fi ṣe é. Èyí tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù lásán mọ máa ń là níbi igun nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ tó sì sún. Kó jìnnà sí sọ́kàwéè tó mítà 30. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì dí ẹnu rẹ̀ nítorí ẹ̀fọn, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí òjò àkọ́rọ̀ dànù sílẹ̀, nítorí eruku ọyẹ́ àti ìgbẹ́ ẹyẹ ló ń fọ̀. Ẹ se èyí tẹ́ ẹ máa mu.

Òjò àkọ́rọ̀ yẹn náà ló ń mú ìjì dání, lóṣù kẹta sí ìkẹrin. Etí òrùlé ni atẹ́gùn ti máa ń gbá páànù mú, á gbé e sókè bí ìdérí ìkòkò. Ẹ ní kí wọ́n ri irin sínú kọnkéré tó wà lórí fèrèsé kó tó gbẹ, kí wọ́n fi ká igi òrùlé, kí wọ́n sì fi skúrú mú páànù dípò ìṣó. Káfíńtà á ní kò pọn dandan. Ó pọn dandan.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀: ilẹ̀ ẹbí ló pọ̀ jù. Bí ọmọ ẹbí kan bá dá tà á láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni títà náà lójú òfin. Bí olórí ẹbí bá sì dá tà á láìfi tó àwọn àgbà ẹbí létí, ilé-ẹjọ́ lè fagi lé e. Kí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí ìdílé kọ̀ọ̀kan jọ fọwọ́ sí i lójú kan. Kí awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ wọn ilẹ̀ náà, kó sì wò ó ní ọ́fíìsì ìjọba bóyá ìjọba ti gba ibẹ̀, kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ ọmọ ìlú, ẹ má sọ pé ti bàbá wa ni, kẹ́ ẹ wá kọ́lé láìníwèé; àwọn ọmọ yín ni yóò jẹ gbèsè ìyẹn.

Ọyẹ́ máa ń mú níbẹ̀ ju Èkó lọ, a sì máa ń rí ẹni tí ikọ́ fée ń yọ lẹ́nu tí kò gbádùn oṣù kejìlá àti ìkínní rárá. Iná ìjọba yàtọ̀ láti òpópónà sí òpópónà, ẹ bèèrè lọ́wọ́ oníṣòwò tó ń ta ẹja yìnyín, torí òun ló ń ka wákàtí rẹ̀. Ẹja gan-an ni ẹni tó ti etí òkun wá máa ṣàfẹ́rí. Yìnyín ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù débẹ̀, ó sì lè ti yọ́ kó tún dì lójú ọ̀nà. Bí ojú rẹ̀ bá ti wọnú, ẹ fi sílẹ̀, kẹ́ ẹ ra ẹja àrọ̀ tí wọ́n ń sìn ládùúgbò. Iṣu ibẹ̀ kò ní àléébù. Ẹni tó bá rí àléébù sí i, ará Ìjẹ̀bú tó ń jowú nítorí ìkọ́kọrẹ́ ni.

Ti ààbò, a ò ní fi bò. Lóṣù kìíní ọdún 2024, wọ́n pa ọba méjì lójú ọ̀nà ní Èkìtì, wọ́n sì jí àwọn ọmọ ilé-ìwé gbé. Àárín ìlú ni kẹ́ ẹ kọ́lé sí, kì í ṣe oko tó wà lẹ́yìn odi, bó ti wù kí ilẹ̀ ibẹ̀ pọ́ọ́kú tó. Ìrìn àjò gbọ́dọ̀ ti parí kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù.

Kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ háyà yàrá àti pálọ̀ kan ní Ìdó láti oṣù kọkànlá dé òpin oṣù kẹta. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọ̀ọ̀kan, ẹ so òkúta mọ́ okùn, ẹ sọ ọ́ sínú kànga tó bá sún mọ́ ilẹ̀ tẹ́ ẹ ń wò títí yóò fi kan ìsàlẹ̀. Ẹ wọn ibi tó tutù lára okùn náà, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá fi máa di ìparí oṣù kẹta tí ibi tó tutù ò gùn tó apá ènìyàn kan, ẹ wá púlọ́ọ̀tì mìíràn.