DVD Friends: tọ́jú rìmóòtù sọ́wọ́

Tí ẹ bá fẹ́ràn Friends, eré apanilẹ́rìn-ín orí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, bíi tèmi, DVD rẹ̀ ni kí ẹ rà. Èmi máa ń dá a dúró, màá dá a padà sẹ́yìn, màá tún un wò, títí yóò fi dá mi lójú pé àṣìṣe ni mo rí.

Ẹ wo ilẹ̀kùn ilé Monica, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́fà tí eré náà dá lé. Nọ́ńbà 5 ló wà lára rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá ó di 20, torí òkè ilé ni wọ́n ń gbé, 5 kò bá a mu. Ti Chandler àti Joey, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gbé ní òdìkejì, náà kúrò ní 4, ó di 19. Ross, ẹ̀gbọ́n Monica, ńkọ́? Ọmọ ọdún 29 ni ní sáà 3, 29 ní sáà 4, 29 náà ní sáà 5!

Èyí tó dùn mọ́ mi jù wà nínú apá àkọ́kọ́, lọ́dún 1994. Rachel, ọ̀rẹ́ Monica láti ilé ìwé, wọlé pẹ̀lú aṣọ ìgbéyàwó lọ́rùn, Monica sì ń sọ orúkọ Chandler fún un bí ẹni tí kò rí i rí. Ross nìkan ni Monica bi í bóyá ó rántí. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí wọ́n wá fi ìgbà èwe wọn hàn wá lẹ́yìn náà, Rachel àti Chandler ti jọ wà nílé kan náà lọ́jọ́ Thanksgiving, àjọ̀dún ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà! Mi ò bínú sí àwọn tó kọ ọ́ o. Apá 236 láàárín ọdún 10, iṣẹ́ ńlá ni.

Ẹ má ra ti Blu-ray, irú díìsìkì mìíràn, tí wọ́n mú kí àwòrán rẹ̀ fẹ̀ sí i. DVD ló gbé àwòrán rẹ̀ ní ìwọ̀n tó ní lórí tẹlifíṣọ̀n nígbà náà.