Mo béèrè owó gbà-máà-bínú lọ́wọ́ káńsù: bí iṣẹ́ wọn ṣe rí lójú mi

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni owó náà wọlé, ni mo ṣe lè jókòó kọ èyí.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mo ń ṣe ní London, iṣẹ́ alẹ́. Ní oṣù kọkànlá ìdúnta, mo ń ti ibiṣẹ́ bọ̀ láàárọ̀, ilẹ̀ ò tíì mọ́, ni ẹsẹ̀ mi bá kọ òkúta pẹlẹbẹ kan tí gbòǹgbò igi ti ta sókè nítòsí ibùdókọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi gbalẹ̀. Eegun ọrùn ọwọ́ kán. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni mi ò fi ṣiṣẹ́.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kí n dúpẹ́ pé kì í ṣe orí ni mo fi gbalẹ̀. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bọ̀dá kan fi kún un pé, "Àǹtí, ta ló ń bá ìjọba ṣẹjọ́?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbé ẹ̀rù ìjọba láti ilé wá síbí. Òfin wà níbí o. Abala 41 nínú Highways Act ọdún 1980 sọ pé ẹni tí títì wà níkàáwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa tún un ṣe, títí kan ẹ̀gbẹ́ títì tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà. Ọdún mẹ́ta lẹ ní láti gbé ẹjọ́ dé kóòtù.

Mo kọ fọ́ọ̀mù káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ àdúgbò wa, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ kejì ni wọ́n fèsì pé àwọn ti rí i, mo sì yìn wọ́n fún ìyẹn. Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa. Oṣù mẹ́ta gbáko. Bí mo bá pè, ẹni tó gbé fóònù lónìí kì í ṣe ẹni tó gbé e lánàá, èmi náà á tún bẹ̀rẹ̀ àlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó béèrè bí ọwọ́ mi ṣe ń ṣe. Nígbà tí lẹ́tà dé, wọ́n ní àwọn ò jẹ̀bi: àwọn ti yẹ ibẹ̀ wò ní oṣù kẹjọ, àwọn ò sì rí nǹkan kan. Abala 58 ni wọ́n dì mú, èyí tó gba káńsù sílẹ̀ bó bá lè fi hàn pé òun ṣe ìtọ́jú tó yẹ. Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún wọn.

Ọmọbìnrin mi ló gbà mí. Mo ṣì wà ní ọsibítù nígbà tó mú rúlà iléèwé rẹ̀ lọ síbẹ̀. "Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀, mo ti ya fọ́tò rẹ̀." Ó na rúlà sí ẹ̀gbẹ́ òkúta náà: mìlímítà 34. Ó tún ya òmíràn láti òkèèrè kí igi àti ibùdókọ̀ lè hàn. Òfin ò dárúkọ ìwọ̀n kankan, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ káńsù ló ní tiwọn, mìlímítà 20 tàbí 25 sì wọ́pọ̀ fún ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ń rìn. Ọjọ́ kẹsàn-án tí mo ṣubú ni wọ́n tún ibẹ̀ ṣe. Ká ní a ò tíì ya fọ́tò ńkọ́?

Òun náà ló wo FixMyStreet, ìkànnì íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹgbẹ́ aláàánú mySociety gbé kalẹ̀ lọ́dún 2007. Ẹ ó fi ìka kan ibi tí nǹkan ti bàjẹ́ lórí máàpù, ẹ ó fi fọ́tò sí i, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ni títì, gbogbo ayé á sì máa rí i pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́. Ẹnì kan tí mi ò mọ̀ rí ti fi òkúta yẹn sùn ní ọ̀sẹ̀ méje ṣáájú kí n tó ṣubú! Mo sunkún nígbà tí mo rí i. Ìràwọ̀ márùn-ún, láìjanpata.

Lọ́yà tí mo gbà kì í gba owó bí ẹ ò bá jàre. Ìbéèrè rẹ̀ àkọ́kọ́ ni bóyá ìlà pupa wà létí títì náà, nítorí ní London, Transport for London, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà ìlú náà, ló ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn títì onílà pupa, kì í ṣe káńsù. Ó lo òfin Freedom of Information, èyí tó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti rí ìwé ìjọba, láti fi béèrè ìwé àyẹ̀wò títì náà. Ogún ọjọ́ iṣẹ́ ni wọ́n ní láti fèsì, ẹ̀yin fúnra yín náà sì lè béèrè. Nígbà tí fọ́tò àti ẹ̀sùn ọ̀sẹ̀ méje yẹn dé iwájú adójútòfò káńsù, wọ́n san £5,600. Lọ́yà yọ ìdá mẹ́rin kan nínú rẹ̀, bó ṣe wà nínú ìwé tí mo fọwọ́ sí. Ìràwọ̀ mẹ́rin: ó mọṣẹ́, àmọ́ ẹ ka ìwé yẹn dáadáa kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, mo rí òkúta mìíràn tó ti ń gbérí lábẹ́ igi kan náà. Mo dúró, mo ya fọ́tò rẹ̀, mo sì fi í ránṣẹ́ kí bọ́ọ̀sì tó dé.