Kafé Kan ní Camp Tí Akẹ́kọ̀ọ́ Ti Ń Wọn Ẹrù Kọ́ọ̀sì Wọn

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀ ní Abẹ́òkúta, tí kò gbé inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ ló mọ agbègbè Camp dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ra oúnjẹ, tí wọ́n ti ń wọ mọ́tò lọ sí Alábàtà tí ilé ẹ̀kọ́ náà wà, tí wọ́n sì ti ń tẹ ìwé jáde. Kafé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ kò tóbi ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó ní iṣẹ́ kan tí n kò rí lọ́dọ̀ àwọn yòókù. Yàtọ̀ sí pé wọ́n ń bá akẹ́kọ̀ọ́ forúkọ kọ́ọ̀sì sílẹ̀ lórí ìkànnì, wọ́n tún ń ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní ìwé ìlànà, ìyẹn bébà fífẹ̀ kan tí wọ́n to gbogbo kọ́ọ̀sì akẹ́kọ̀ọ́ sí láti ọdún àkọ́kọ́ títí dé ọdún àṣekágbá, pẹ̀lú yúnìtì ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ìyẹn òǹkà tí a fi ń wọn bí kọ́ọ̀sì ṣe wúwo tó. Ẹgbẹ̀rún kan náírà ni wọ́n ń gbà lórí rẹ̀.

Nípa ìforúkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀, n kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti sọ. Ọwọ́ wọn yá, wọ́n ní sólà, wọn kì í sì fi nǹkan kan ránṣẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Ohun tí kò bá mi lára mu ni ìwé nóòtù tí wọ́n ń kọ páásíwọ́ọ̀dù àwọn oníbàárà sí. Wọ́n ní nítorí àwọn tó máa ń gbàgbé ni, ṣùgbọ́n kí ẹni tó bá lọ síbẹ̀ tètè pààrọ̀ tirẹ̀ kó tó délé.

Ìwé ìlànà yẹn gan-an ló jẹ́ kí n gbà pé owó wọn tọ́ sí wọn. Wọ́n máa ń fi ọfà so kọ́ọ̀sì tó gbọ́dọ̀ ṣáájú mọ́ èyí tó tẹ̀lé e, ọfà yìí sì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í rí lórí ìkànnì, nítorí pé kọ́ọ̀sì sáà kan ṣoṣo ni wọ́n ń rí níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì kan tí ó ní kárí-ófà (kọ́ọ̀sì tó ti fìdí rẹmi nínú rẹ̀ tí ó sì gbọ́dọ̀ tún ṣe) ìṣirò oní-yúnìtì mẹ́ta, tí kọ́ọ̀sì tó yẹ kó ṣe ní sáà náà sì ti jẹ́ yúnìtì 23. Gbèdéke tí NUC, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn yunifásítì Nàìjíríà, fi lélẹ̀ ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe forúkọ sílẹ̀ fún ohun tó dín sí yúnìtì 15, kó má sì kọjá 24 ní sáà kan. Kárí-ófà ló máa ń ṣáájú, nítorí náà ó di dandan kí kọ́ọ̀sì kan kúrò nínú èyí tó kù. Bí ó bá lọ jẹ́ èyí tí ọfà mẹ́ta ti inú rẹ̀ jáde lọ sí ọdún kẹta ló yọ, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi ọdún kan kún iye ọdún tí yóò lò, torí pé ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì ni wọn kì í kọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún. Ẹni tó bá ní ìwé náà lọ́wọ́ yóò ti rí ewu yìí kó tó tẹ ohunkóhun.

Àga gbọọrọ kan wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn tí àwọn tó ń dúró de ìwé wọn máa ń jókòó sí, ibẹ̀ sì ni àríyànjiyàn máa ń gbóná sí. Ẹni tó ń kọ́ nípa kọ̀ǹpútà, tí yóò lo ọdún mẹ́rin, lè jókòó ti ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, tí yóò lo ọdún márùn-ún, tàbí ti ẹni tó ń kọ́ ìṣègùn ẹranko, tí yóò lo ọdún mẹ́fà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í yàtọ̀: "Yúnìtì mélòó lo ní ní sáà yìí?" Ẹni tó bá ní 24 ni wọ́n máa ń ṣàánú, wọn a sì sọ fún ẹni tó ní 18 pé ayé ló ń jẹ. N kò mọ ìgbà tí ìyà di ohun tí à ń fi yangàn láàárín àwọn ọmọ yìí, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé yúnìtì kò fi bẹ́ẹ̀ ṣeé fi wéra. Yúnìtì kan ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ wákàtí kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 15, nígbà tí yúnìtì kan ti iṣẹ́ àfọwọ́ṣe, ìbáà ṣe ní yàrá àyẹ̀wò tàbí lórí oko, jẹ́ wákàtí mẹ́ta lọ́sẹ̀, ìyẹn wákàtí 45 ní sáà kan. Ẹni tó ní yúnìtì 18, tí mẹ́rin nínú rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ àfọwọ́ṣe, yóò lo wákàtí 26 lọ́sẹ̀. Ẹni tó ní yúnìtì 22 tó jẹ́ kìkì ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yóò lo 22, a kò sì tíì ka àbọ̀ iṣẹ́ tí ẹni àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ kọ lẹ́yìn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìwé ìlànà kò fi èyí hàn rárá, àbùkù rẹ̀ tó tóbi jù sì nìyẹn. Mo sọ fún ọ̀gá kafé náà pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi òpó kan kún un fún wákàtí." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òpó yẹn yóò sọ owó ìwé di ẹgbẹ̀rún kan ó lé igba náírà. Èmi yóò san án.

Bákan náà ni wọ́n kàn kọ ọdún kẹrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀ bí ọdún yòókù, bẹ́ẹ̀ ọdún iṣẹ́ oko ni ní FUNAAB. Ẹni tó wà lóko kò ní rọ́wọ́ jókòó sí kíláàsì ọdún kejì láti san gbèsè kárí-ófà, ó sì yẹ kí wọ́n fi àmì kan sí i kí akẹ́kọ̀ọ́ lè ti mọ̀ láti ọdún kejì.

Àbúrò mi ni wọ́n fún ní ìwé tí kò bá ti rẹ̀ mu. NUC gbé ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun, CCMAS, jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, ọdún ẹ̀kọ́ 2023/2024 ni lílò rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀. Ìlànà tuntun yìí ló kan àbúrò mi, ṣùgbọ́n ti àtijọ́ ni wọ́n tẹ̀ fún un. Wọ́n tẹ òmíràn láìgba kọ́bọ̀. Kí ẹni tó bá fẹ́ fi ìwé tirẹ̀ wé ti ọ̀rẹ́ tó wà ní Ìbàdàn tàbí Àgọ́-Ìwòyè tún ṣọ́ra, torí pé ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ni NUC pa láṣẹ nínú ìlànà náà. Yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló ń yan ìdá 30 tó kù fúnra rẹ̀.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn bá yín yan kọ́ọ̀sì tí kò pọn dandan. Èyí tí wọ́n gbọ́ pé máàkì ti ń rọ̀ ni wọ́n máa ń tọ́ka sí fún gbogbo ènìyàn, láìbéèrè ohun tí onítọ̀hún fẹ́ fi ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣe. Olùdámọ̀ràn ẹ̀ka yín ni ẹ mú ìwé náà lọ bá kí ẹ tó fi orúkọ sílẹ̀. Òwúrọ̀ ló dára jù láti lọ sí kafé náà, kì í sì í ṣe ọ̀sẹ̀ tí ìforúkọsílẹ̀ bá ń parí lọ, nígbà tí ìlà máa ń gùn dé etí títì, tí wọn kì í sì í ṣe ìwé ìlànà fún ẹnikẹ́ni.